Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Agolo Amínò Tó Ti Mẹ́kà Wá

Basin, Ìlọrin,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo sì sọ di ọ̀rẹ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Òṣogbo níbẹ̀. Ara mi le. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ ọ́, ojú rẹ á ti sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé láti wò bóyá àìsàn ló mú kí n kọ lẹ́tà tó gùn tó báyìí. Kò sí àìsàn kankan. Láàárọ̀ yìí mo jẹ ẹ̀kọ, mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, mo tún nawọ́ sí ẹ̀kẹta, bàbá rẹ ló yára gbé e kúrò níwájú mi. Wọ́n ní tiwọn ni.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Dírẹ́bà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì ní Gáréèjì Ọ̀fà, bí a ti jọ ṣàdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ tí o lọ. Orí ìdúró ni mo ti kà á. Ojú ewé àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi débi pé mo pariwo pe bàbá rẹ láti inú ọgbà: wọ́n ti fi ọmọ mi sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, òun ló ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn ibẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fún un ní aṣọ funfun tó ní àpò méjì! Bàbá rẹ dé, erùpẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà náà ni mo ṣí ojú ewé kejì.

O ní aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ jẹ́ ìyá kan tí jẹjẹrẹ ìfun ń bá jà. O ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ń gba abẹ́rẹ́ líle lóṣooṣù, dókítà sì ní kí o máa wọn amínò ásíìdì fún un kí ara rẹ̀ lè rí agbára tí á fi máa dáàbò bo ara rẹ̀. O ní bí o ṣe mú ṣíbí ni ọwọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. O ní tó bá di Mọ́ńdè wàá bẹ ọ̀gá rẹ pé kó gbé ọ lọ sí sítọ́ọ̀, kí o máa tọ́jú àpò ìrẹsì àti àpò ẹ̀wà, kí ẹlòmíràn máa wọn nǹkan fún aláìsàn. "Nítorí ohun tí mo fi ṣe yín nígbà yẹn, Màmá." Bẹ́ẹ̀ gan-an lo kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, o kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn, èmi ni mo ṣe é, mo sì dákẹ́ sí i fún ọdún mẹ́rin. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́ tán. Lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ bá mọ́tò àárọ̀ ọ̀la lọ, kó tó ọ lọ́wọ́ ṣáájú Mọ́ńdè. Wá ibi jókòó sí. Ibi tó bá yẹ kí o ti rẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́ rín in, torí èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, tí mo ní aṣọ tuntun bíi tìrẹ, tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo nǹkan.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn níbẹ̀, olóore ènìyàn. Mo gbé àwòrán ẹyin ńlá kan kọ́ sára ògiri. Mo pe àwọn ìyá jọ, mo fi ẹnu gígùn bá wọn sọ̀rọ̀ wákàtí kan: ẹyin ló ń mú ara ọmọ dàgbà, ìyá tí kò bá fún ọmọ ní ẹyin kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, mo sì fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Tíṣà. Ẹ ṣeun o." Mo wọlé lọ, inú mi ń dùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ẹyin mẹ́fà nínú igbá. Ní ọjọ́ kẹta, ẹyin mẹ́wàá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mi ò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí mọ́ nínú yàrá. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni pé Tíṣà fẹ́ràn ẹyin! Mo jẹ ẹyin ní abúlé yẹn títí òórùn rẹ̀ fi ń rìn mí. Ìgbà tó yá, ìyá arúgbó kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ló wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wa wí dáadáa, àmọ́ ẹ ò bi wá rí pé kí la ń sè." Mo tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná. Mo rí èkuru, mo rí ẹ̀wà, mo rí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá lójoojúmọ́. Oúnjẹ tó ń kọ́ ara kún ibẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù ú fún, ìyókù ló ń kan àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ náà, mo fi ẹyin sílẹ̀, wàrà ni mò ń sọ, pé kí wọ́n kọ́kọ́ bu tọmọ. Wọ́n sì ṣe é, torí kò sí ẹni tí wàrà ń ba lẹ́rù.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ rèé: bí wọ́n bá ti fa aláìsàn lé ọ lọ́wọ́, kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ nílé. Béèrè ẹni tó máa ń jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o tó la ìwé rẹ.

Wàá rò pé lẹ́yìn irú ẹ̀kọ́ yẹn, màmá rẹ ti gbọ́n. Ká máa lọ.

O wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí jẹjẹrẹ dé bá èmi náà. O rántí bí a ṣe dé iwájú dókítà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán yẹn tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o rántí ohun tó sọ pẹ̀lú, torí ìwọ lo máa tún un sọ fún àwọn ẹlòmíràn báyìí. Ó ní, "Màmá, abẹ́rẹ́ yìí ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ kì í dá jẹjẹrẹ nìkan mọ̀. Á pa lára àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú. Ẹran, ẹja, ẹ̀wà tí ẹ bá jẹ, inú yín á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yẹn là ń pè ní amínò ásíìdì. Òun ni ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, òun ló fi ń dá àwọn ọmọ ogun tuntun. Ẹ ò lè jẹun dáadáa lásìkò yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa mu ún ní lẹ́búlẹ́bú. Kì í ṣe òun ló ń wo jẹjẹrẹ sàn o, Màmá. Oúnjẹ ni, ìrànlọ́wọ́ ni."

Bàbá rẹ ní, "Ásíìdì kẹ̀? Ṣé èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò?" Dókítà rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí.

A wá a lọ, a wá a bọ̀ ní gbogbo Táíwò Road, a ò rí èyí tí dókítà kọ. Ìwọ lo ronú kan Àlhájì Yúsúfù, àbúrò bàbá rẹ, tó fẹ́ lọ ṣe Hájì lọ́dún náà. O da orúkọ amínò náà kọ sínú ìwé, o dì í mọ́ ọn lápò. Ó sì mú agolo mẹ́ta dé pẹ̀lú omi sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà. O wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwọ àti dókítà jọ jókòó ti ìwọ̀n náà: ṣíbí tó kún dọ́gba, kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. O kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ, o fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná lókè sítóòfù. O ní agolo mẹ́ta náà á lo oṣù mẹ́ta. O padà sílé ìwé.

Ní ọjọ́ kejì ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ìwọ náà mọ Ìlọrin wa. Alálàájì ti dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàwó tí ara rẹ̀ kò yá, ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wá kí wọn á kí ọ̀nà méjì náà pọ̀. A ń bu sámúsámù fún wọn nínú ife kéékèèké, bí ó ti yẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ìyá Àgbà Hàjárà, àbúrò ìyá bàbá rẹ, àwọn tó gbé mi wọlé ní ọjọ́ ìyàwó mi. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń po amínò nínú ife tíì.

Wọ́n ní, "Kí lo ń mu yẹn, ìyàwó?"

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ. Mo lè sọ pé oògùn ni. Mo lè sọ pé dókítà ló ní kí n máa mu ún. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ohun tí Àlhájì mú bọ̀ láti Mẹ́kà ni, Màmá."

"Láti Mẹ́kà? Súbúhànálláhì! Bù ú fún mi kí n fi gba àlùbáríkà, ìyàwó. Wàlláhì, díẹ̀ báyìí ni mo fẹ́."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ohun tó ti Mẹ́kà wá mu lójú ìyá ọkọ mi? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo gbé ife náà fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n fi ìyókù pa orúnkún méjèèjì. Wọ́n ní ara wọn ti fúyẹ́. Wọ́n ṣe àdúrà fún mi títí ojú mi fi kún fún omi.

Kó tó di àlàásárì ọjọ́ kejì, gbogbo agboolé ti gbọ́. Ìyá kan wá pẹ̀lú ọmọ tó ń wúkọ́. Bàbá kan wá tìtorí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n di díẹ̀ sínú bébà fún ọmọ òun obìnrin tó lóyún. Kò sí ẹni tó béèrè púpọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo wọn ń béèrè. Ní ọjọ́ kẹta mo ti kúrò ní ife, inú jọ́ọ̀gì ni mo ti ń pò ó. Èmi olùkọ́ oúnjẹ, tó fi gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n bu tẹni tó nílò rẹ̀ kí wọ́n tó bu tẹlòmíràn! Èmi ni mò ń mu ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá sì gbé ẹja wá fún mi, mo tún ń bù ú fún ẹni tó bá wà lórí ẹní.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn lásìkò yẹn. Ilé kún. Àdúrà tí wọ́n gbà fún mi lóṣù náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ìyá Àgbà Hàjárà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí láìmú ọ̀pá. Gbogbo àdúgbò ló ń dán, èmi nìkan ni mò ń rù.

Nígbà tí àsìkò abẹ́rẹ́ kejì tó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi ti kéré jù, òun ò lè fún mi ní abẹ́rẹ́, ká dúró ná. O gbọ́, o sì wálé lọ́jọ́ Sátidé.

O bá agolo mẹ́ta nílẹ̀, gbogbo wọn ṣófo, láàárín oṣù kan. Mo ṣì ń rí bí o ṣe dúró, tí o ń wo ìwé ara ògiri, tí o ń wo ṣíbí. O wọ yàrá, o kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi.

"Màmá, ṣé ìwọ̀n mi lẹ tẹ̀ lé?"

Mo ní, "Ìwọ̀n rẹ ni."

"Á jẹ́ pé mo ṣìṣirò. Á jẹ́ pé mo ti ń fún yín ní ìlọ́po mẹ́ta. Èmi ni mo ba ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́."

O sunkún lórí ẹsẹ̀ mi. Mo sì dákẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo dákẹ́ nítorí Ìyá Àgbà Hàjárà jókòó lórí ẹní ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ lójú wọn pé ẹ̀yin lẹ mu ún? Mo ní tí wọ́n bá lọ, màá sọ fún ọ. Wọn ò lọ, wọ́n sùn tì wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìtìjú ti mú mi ju ti àná lọ. Ọjọ́ kan ló di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ ló di ọdún. Nígbà tí o kọ̀wé béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, mo fèsì pé dókítà ti yí ìwọ̀n náà padà. Irọ́ ni. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa fún ọ láyé mi nìyẹn, òun ló sì dé Òṣogbo wá gbọn ọwọ́ rẹ. Forí jì mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo sọ fún dókítà nígbà tó ku èmi àti òun nìkan. Ó ní abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń já ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé amínò nìkan ì bá dá a dúró, kí n má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ní ṣùgbọ́n mo ti rù jù, ohun tí òun bá ní kí n jẹ, kí n jẹ ẹ́ fúnra mi. Nígbà náà ni ẹ̀rín tó pa á. Ó ní, "Màmá, ẹ ti bá mi tọ́jú gbogbo agboolé!"

Ẹnì kejì tí mo sọ fún ni Ìyá Sàráfà, ọ̀rẹ́ mi tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlele. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó wo agolo tó ṣófo náà, ó wo ife tíì mi tó ní òdòdó lára.

Ó ní, "Sàlìmọ́tù, o ń mu oògùn bí ẹni tó ń ṣe fàájì. Ta ni kò ní tọrọ níbẹ̀? Ṣé o ti rí ẹni tó tọrọ àgbo ẹlòmíràn mu rí?"

Mo ronú. Mi ò rí i rí.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé ìkòkò kékeré kan wá, tó dúdú, tó ní ìdérí, irú èyí tí à ń se àgbo sí gan-an. Àlhájì Yúsúfù ti ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Jídà, nítòsí Mẹ́kà, agolo tuntun sì dé. A kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, a tì í pa. Láràárọ̀, bàbá rẹ á wọ ilé ìdáná, wọ́n á dúró níwájú ìwé tí o lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á fi gíláàsì wọn kà á bí ẹni pé wọn ò tíì kà á rí, wọ́n á bu ṣíbí, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e, wọ́n á pò ó sínú ìkòkò, wọ́n á dé e. Ìwé rẹ ni o. Lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Àgbà Hàjárà dé, wọ́n ní, "Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Àgbo mi ni, Màmá." Àbí kí ni? Ohun tí a bá ń mu nítorí àìsàn, àgbo náà ni.

"Á à! Mu ún tán o, ìyàwó. Má ṣẹ́ ẹ kù sílẹ̀." Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè mu ún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ara wọn di ẹ̀ṣọ́ ìkòkò. Bí àlejò kan bá sún mọ́ ọn, wọ́n á pariwo láti orí ẹní: "Kúrò nídìí ìkòkò yẹn, àgbo ìyàwó wa ni!" Àwọn ni wọ́n tún ń rán mi létí pé ẹ̀ẹ̀kẹta ọjọ́ náà ti tó.

Ìgbà tí a tún padà lọ, ẹ̀jẹ̀ mi ti gòkè, dókítà sì fún mi ní abẹ́rẹ́. Ó fún mi ní gbogbo èyí tó kù láìfò kankan. Ìyókù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: èmi rèé tí mò ń bá bàbá rẹ du mọ́ínmọ́ín. Mi ò sọ pé amínò ló ṣe é o. Ọlọ́run ló ṣe é, Ó fi abẹ́rẹ́ ṣe é, Ó fi ọ̀bẹ àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe é, Ó sì mú kí n lókun tí mo fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ, èyí tí o rò pé ó pa mí lára, òun ni mo mu láti ìgbà náà títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé.

Nítorí náà, ìyá tó wà lọ́dọ̀ rẹ yìí, bí mo ṣe fẹ́ kí o ṣe é nìyí. Lọ jókòó tì í ní àsìkò tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá wá kí i. Wo àwọn tó ń wá. Wo ẹni tó ń bu oúnjẹ fún. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọmọ ti ń bi ìyá rẹ̀, pé, "Màmá, bí ẹ bá délé, níwájú ta lẹ ó ti máa mu ún?" Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju ṣíbí lọ.

Bó bá béèrè pé kí ni, sọ ohun tó jẹ́ fún un, má sọ ibi tó ti wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ó ti òkè òkun wá á fẹ́ tọ́ ọ wò.

Mo tún rántí ọkùnrin kan ní Táíwò Road tó gbọ́ tiwa. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló ń pa ọmọ ogun, tí amínò sì ń dá wọn, kí n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí n máa ra amínò lọ́dọ̀ òun. Ó dùn létí, Àbẹ̀kẹ́, pàápàá létí ẹni tí abẹ́rẹ́ ti sú. Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Irú rẹ̀ á wá bá ìyá yẹn. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ṣáájú kó tó gbọ́ tẹni yẹn: amínò kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Bí dókítà kò bá sì ní kí a fún ẹnì kan, má fún un, kódà kó jẹ́ ìyá ọ̀gá rẹ.

Bí o bá sì ṣàṣìṣe lọ́jọ́ kan, wàá sì ṣe é, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Sọ ọ́ kódà bí àgbàlagbà bá jókòó lórí ẹní. Wàá wá ọ̀nà tí o ó fi sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Èmi ò wá a, wo iye ọdún tó gbà mí.

Ìwọ náà, máa jẹun. O ní o ń mu gààrí lọ́sàn-án. Onímọ̀ oúnjẹ tó ń mu gààrí, ṣé o fẹ́ kí n kú fún ẹ̀rín ni? Tíṣà ìṣirò tó ń gbé yàrá kejì, tí o dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, bi í bóyá ó fẹ́ràn ẹ̀wà. Bàbá rẹ ní kí n má kọ ìyẹn. Mo ti kọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láàárọ̀ yìí, kí n tó mú bírò, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Hàjárà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún wọn, láti ife àkọ́kọ́ títí dé lẹ́tà rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ kékeré. Wọ́n wo orúnkún wọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú wọn, ó gbọ̀n wọ́n títí tẹ̀súbáà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọdébìnrin yẹn sunkún lójú mi. Mo jókòó níbẹ̀, mo rò pé tìtorí àìsàn ìyá rẹ̀ ni." Wọ́n nawọ́, wọ́n fà mí dìde. "Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé èmi Hàjárà ni mo mu ún. Ṣíbí tó wọ̀n, mo mu ún, ó bá mi lára mu, mo ṣì ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Sọ fún un pé ìwọ̀n rẹ̀ pé."

Ìkòkò kékeré tí dírẹ́bà gbé fún ọ, ti Ìyá Sàráfà ni. Gbé e fún ìyá náà, sọ fún un pé ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́. Ṣí ìdérí rẹ̀ kí o tó gbé e fún un. Ìwé rẹ ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ fi ọ̀bẹ ṣí i lára ògiri láàárọ̀ yìí, wọ́n rọra ṣe é, ẹ̀kọ ṣì gbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wò ó dáadáa. Ọwọ́ rẹ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi kankan tí a fagi lé.

Ní Mọ́ńdè, mú ṣíbí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń jẹun tirẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí,
Sàlìmọ́tù.